Òkúta tí ọ̀bẹ ń fẹ́, òkúta tí abẹ ń fẹ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ ìpọ́nbẹ, ohun tẹ́ ẹ sábà máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé òkúta wo lẹ lè rà tó máa pọ́n ọ̀bẹ ilé ìdáná, tó sì máa pọ́n abẹ ìfárùngbọ̀n. Òkúta kan ṣoṣo ò lè parí iṣẹ́ méjèèjì. Ṣùgbọ́n òkúta kan wà tí ọ̀bẹ àti abẹ jọ ń gba orí ẹ̀ kọjá, ibẹ̀ ló yẹ kí owó yín kọ́kọ́ lọ.

Ẹ kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tí ẹnu irin náà fẹ́ ṣe. Èèpo tòmátì ń yọ̀. Tí ẹnu ọ̀bẹ bá dán jù, á máa yọ̀ lórí ẹ̀, àmọ́ ọ̀bẹ tí eyín wẹ́wẹ́ tí ojú ò lè rí ṣì wà lẹ́nu ẹ̀ á wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Abẹ ní tiẹ̀, orí awọ ènìyàn ló ń gbà kọjá. Eyín wẹ́wẹ́ tó ran ọ̀bẹ lọ́wọ́ yẹn gan-an ló máa ha ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí à ń fá irùngbọ̀n fún, tí ibẹ̀ á pọ́n, tí á sì máa ta á. Ìdí nìyẹn tí ọ̀bẹ fi lè dúró sí ibikíbi láàárín òkúta nọ́ńbà 1000 sí 4000 kó sì ṣiṣẹ́ dáadáa, tí abẹ ò sì gbọdọ̀ dúró kó tó dé 8000. Ẹni tó bá gbé ọ̀bẹ ẹran dé 12000 ti fi àkókò ṣòfò, nítorí pátákó ìgẹ́ran máa ba dídán yẹn jẹ́ kíá.

Nọ́ńbà tí mò ń pè yìí ń sọ bí hóró inú òkúta ṣe kéré tó. Bó ṣe ń ga ni hóró ń wẹ́ sí i. Nínú ìlànà àwọn ará Jàpáánì, hóró òkúta 1000 tó nǹkan bíi máíkírọ́ọ̀nù 11 sí 15 (máíkírọ́ọ̀nù 1000 ló wà nínú mìlímítà kan), ti 8000 sì wà láàárín 1 sí 2. Ibi tí wọ́n ti ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà nìyí, torí pé ìlànà àwọn ará Yúróòpù yàtọ̀. Òkúta tí wọ́n kọ F1000 sí lára, hóró tiẹ̀ ò ju nǹkan bíi máíkírọ́ọ̀nù 4 àti ààbọ̀ lọ. Sáńpépà P1000 sì tó 18. Gbogbo wọn ń jẹ́ 1000, iṣẹ́ wọn ò sì dọ́gba rárá. Ẹ má sanwó òkúta kankan láìbéèrè ìlànà tí wọ́n fi kọ nọ́ńbà ẹ̀.

Òkúta 1000 ti Jàpáánì ni ọ̀bẹ àti abẹ ti ń pàdé. Lórí ẹ̀ ni ọ̀bẹ tó ti kú ti ń jí, orí ẹ̀ náà sì ni ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ẹnu abẹ ti gbọ́dọ̀ pàdé láti ìdí títí dé orí, láìku ibì kankan. Iṣẹ́ tí kò bá parí níbí, òkúta tó wẹ́ jù ú lọ ò lè parí ẹ̀. Ẹ gbé ẹnu abẹ náà sábẹ́ iná tó mọ́lẹ̀ dáadáa: bí ibì kan bá ń tàn yanran ní ṣóńṣó ẹnu ẹ̀, ibẹ̀ ò tíì mú, ẹ padà sórí 1000. Mi ò mọ ohun tó ń fi àkókò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣòfò tó kí wọ́n sáré lọ sí 8000 pẹ̀lú abẹ tí kò tíì mú ní 1000. Á máa dán, kò sì ní fá nǹkan kan.

Bí òkúta ṣe tẹ́jú tó ṣe pàtàkì sí mi ju nọ́ńbà ẹ̀ lọ. Tí a bá ń pọ́n ọ̀bẹ, ọwọ́ wa ló ń pinnu bó ṣe máa dagun sórí òkúta, dígírì 15 sí 20 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, òkúta tó sì ti jinnú díẹ̀ láàárín ṣì lè gbà á. Abẹ ò rí bẹ́ẹ̀. A máa ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ pátápátá, kí ẹ̀yìn ẹ̀ àti ẹnu ẹ̀ jọ kan òkúta lẹ́ẹ̀kan náà. Sísanra ẹ̀yìn abẹ ló ń pinnu bí ẹnu ẹ̀ ṣe máa dagun, ọwọ́ wa ò ní ìpín níbẹ̀. Ohunkóhun tó bá wà lójú òkúta, kòtò tàbí gegele, ló ń bọ́ sẹ́nu abẹ. Ọ̀bẹ sì máa ń tètè gbẹ́ kòtò sáàárín òkúta, torí pé a máa ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ojú kan náà la sì sábà máa ń gbà. Bí ọ̀bẹ àti abẹ bá jọ ń lo 1000 kan, ẹ mú kí ojú òkúta náà tẹ́jú kí abẹ tó dé orí ẹ̀, ní gbogbo ìgbà. Ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ìlà lọ́gbọọgba sójú ẹ̀, kẹ́ ẹ fi irin pẹlẹbẹ tí wọ́n lẹ hóró dáyámọ́ńdì mọ́ fá a pẹ̀lú omi títí ìlà á fi tán pátá. Tí irin dáyámọ́ńdì ò bá tíì sí, sáńpépà olómi tí a tẹ́ sórí gíláàsì tó nípọn á ṣe é.

Láti 3000 lọ sókè, èmi ò gbà kí ọ̀bẹ àti abẹ pín òkúta mọ́. Hóró ńlá kan ṣoṣo tí ọ̀bẹ gbé wá láti orí òkúta oníhóró ńlá tó láti ha ẹnu abẹ tẹ́ ẹ ti ń pọ́n bọ̀ látàárọ̀. Bí ẹ bá tiẹ̀ ní wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ fọ ọwọ́, ẹ fọ abẹ, ẹ sì pààrọ̀ omi kẹ́ ẹ tó gun òkúta tó kàn. Bí a ṣe ń pọ́n wọn náà yàtọ̀: ọ̀bẹ la máa ń pọ́n ní ẹ̀gbẹ́ kan títí etí irin tín-ín-rín á fi yí sí òdìkejì, ká tó yí i padà. Ní ti abẹ, à ń yí i padà ní gbogbo ìgbà tá a bá ti fà á lẹ́ẹ̀kan, kí etí yẹn má bàa ráyè hù.

Àwọn tó fẹ́ràn òkúta inú ilẹ̀ máa ń bi mí nípa òkúta coticule ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, òkúta Arkansas ti Amẹ́ríkà àti àwọn tí wọ́n wà nílẹ̀ ní agbègbè Kyoto ní Jàpáánì. Mo fẹ́ràn coticule gan-an. Hóró garnet, òkúta líle kan, ló wà nínú ẹ̀. Tí omi orí ẹ̀ bá ki, á jẹ irin kíá. Bẹ́ ẹ bá ń bu omi kún un díẹ̀díẹ̀, ó máa ń rọ̀ títí ẹnu abẹ á fi tẹ́ awọ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó jọ èkejì nínú wọn, ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ò tíì mọ bí abẹ tó mú ṣe ń rí ò ní mọ̀ bóyá òkúta ló ṣẹ̀ tàbí òun. Èyí tí wọ́n rọ nílé iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ fi kọ́ṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ omi: òmíràn nínú àwọn tí wọ́n rọ ń fẹ́ kí a rẹ òun, òmíràn ò fẹ́ ju kí a ta omi sí i lójú. Àwọn tí wọ́n fi magnesia (èròjà kan tó ń di hóró òkúta pọ̀) rọ máa ń sán tí wọ́n bá pẹ́ nínú omi. Èyí tẹ́ ẹ bá ti fi òróró sí, kó máa bá òróró lọ.

Bí ọ̀bẹ tẹ́ ẹ gbà bá jẹ́ ti irin tí vanadium (èròjà kan tó ń mú irin le) pọ̀ nínú ẹ̀, òkúta lásán á pẹ́ lórí ẹ̀, torí pé àwọn hóró líle inú irin yẹn le ju hóró òkúta lọ. Dáyámọ́ńdì ló ń jẹ ẹ́.

Bí mo bá ń rà á lónìí, 1000 ni màá kọ́kọ́ rà, èyí tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 7 ó kéré tán, àti irin dáyámọ́ńdì tó máa tẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà ni 4000, tí yóò jẹ́ ti abẹ nìkan, kí 8000 tó tẹ̀ lé e. Òkúta oníhóró ńlá, 220 sí 400, lè dúró títí ẹnìkan á fi gbé ọ̀bẹ tó ti ṣá lẹ́nu wá. Ní ti 12000, ẹ fi owó ẹ̀ ra awọ tó dáa tẹ́ ẹ máa fa abẹ lé lórí, ẹ̀yìn ni kó máa ṣáájú, kí ẹnu máa tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn 8000, awọ yẹn á tó ọ̀pọ̀ irùngbọ̀n.