Ẹ mọ ibi tí atẹ́gùn ń lọ kí ẹ tó fọn fèrè sí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀

Fèrè wo ni mo fi ń pe kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀? Ìbéèrè tí àwọn ènìyàn máa ń bi mí jù lọ nìyẹn. Ọdẹ ni mí, fèrè tó ń dún bí igbe ehoro tí nǹkan gbá mú ni mo fi ń tan kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wá sí ìtòsí ìbọn mi. Mo máa ń dá wọn lóhùn, torí mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ fèrè gan-an, àmọ́ ibẹ̀ kọ́ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Atẹ́gùn ló yẹ kí a kọ́kọ́ sọ. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó bá gbọ́ igbe ehoro lókèèrè á fẹ́ fi imú wádìí ohun tí etí gbọ́. Ó ṣọ̀wọ́n kí àgbà rẹ̀ sáré tààrà wá bá yín. Á gba ẹ̀gbẹ́ igbó, á yí po, títí á fi dé ibi tí atẹ́gùn á ti máa gbé òórùn ohun tó ń ké yẹn wá bá a. Bí ó bá jẹ́ òórùn yín ló kàn án níbẹ̀, ó ti lọ nìyẹn. Ẹ lè jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́, ẹ ò ní mọ̀ pé ó ti wá, ó sì ti padà.

Ìgò páúdà kékeré kan wà nínú àpò ẹ̀wù mi. Mo máa ń tẹ̀ ẹ́ kí lẹ́búlẹ́bú díẹ̀ tú jáde, màá wá wo ibi tó bá gbà. Ewé orí igi lè máa mì síhìn-ín, kí atẹ́gùn ilẹ̀, níbi tí ẹran ń rìn, máa lọ sọ́hùn-ún. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó ń yan ibi tí màá jókòó sí. Ọ̀pọ̀ ọdẹ fẹ́ kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí wọn lójú gan-an. Èmi fẹ́ kí ó gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé, kí ó gba ẹ̀gbẹ́ kejì jáde. Ìdí ni pé mo fẹ́ mọ ibi tí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ máa lọ kí òun fúnra rẹ̀ tó pinnu. Bí atẹ́gùn bá ń ti ọwọ́ òsì mi lọ sí ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ ọ̀tún ló máa fẹ́ dé. Tí ó bá wá jẹ́ pápá gbalasa ló wà lápá ibẹ̀, kò lè dé ìdí òórùn mi láìkọjá lójú mi. Tí ó bá jẹ́ igbó dídí ni, mo máa ń fi ibẹ̀ sílẹ̀ di ọjọ́ tí atẹ́gùn bá yí padà, bó ti wù kí ẹsẹ̀ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ pọ̀ nílẹ̀ níbẹ̀ tó.

Mọ́tò máa ń wà lókèèrè. Mo máa ń rọra pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé, mi ò sì ní gba góńgó òkè níbi tí ara mi á ti hàn ketekete. Tí mo bá ti fẹ̀yìn ti igi, màá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí àwọn ẹyẹ àti ehoro tí mo dẹ́rù bà padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn.

Ó wá kan fèrè. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni pèlébé páànù tí wọ́n ṣẹ́ po sí méjì, tí wọ́n sì lu ihò sí láàárín. Fèrè Tenterfield ni wọ́n ń pè é ní Ọsirélíà, orúkọ ìlú kan ní New South Wales. Àárín ètè àti eyín là ń fi í sí, a ó sì fi èémí gba inú ihò náà. Kò yà mí lẹ́nu pé àwọn ará ibẹ̀ ló mọ̀ ọ́n lò bẹ́ẹ̀. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ pupa kì í ṣe ẹran ilẹ̀ wọn tẹ́lẹ̀. Àwọn ará Yúróòpù ló kó o débẹ̀ láàárín ọdún 1800 sí 1900 kí wọ́n lè rí ohun fi ṣe eré ọdẹ, ó sì tàn ká èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ náà, ó ń jẹ àwọn ẹran kéékèèké ibẹ̀ tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń sá fún un.

Ehoro tí nǹkan gbá mú kì í ké lóhùn kan. Igbe àkọ́kọ́ máa ń le, lẹ́yìn náà á máa rẹlẹ̀, á máa já, bí ẹkún ọmọ tó ti sunkún títí tó rẹ̀ ẹ́. Ohùn kékeré ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, torí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lè wà nítòsí láìjẹ́ pé mo rí i, ariwo ńlá lójijì á sì lé e lọ. Ìdajì ìṣẹ́jú ti tó. Lẹ́yìn náà màá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta. Níbi ìdákẹ́jẹ́ yìí ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ti máa ń bà á jẹ́, wọ́n á máa fọn ọ́n láìsinmi, bí ẹni pé ẹran náà ti gbàgbé ibi tí ohùn ti wá. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ máa ń fi etí lásán wá eku tó ń rìn lábẹ́ yìnyín, á fò sókè, á sì já lé e lórí gan-an. Irú etí bẹ́ẹ̀ kò nílò kí a sọ̀rọ̀ fún un lẹ́ẹ̀mejì. Tí mo bá sì ti fojú rí i, fèrè á wọ inú àpò. Màá fi ètè fa ẹ̀yìn ọwọ́ mi kí ó dún ṣín-ín-ṣín-ín bí eku, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀rọ tó ní sípíkà àti rìmóòtù, tó ń gbé igbe ẹran jáde dípò fèrè, dára, mi ò ní purọ́. Àǹfààní rẹ̀ tó tóbi jù kì í ṣe pé ohùn inú rẹ̀ pọ̀, bí kò ṣe pé ohùn kò sí lẹ́nu mi mọ́. Mo lè gbé e sí ọgbọ̀n tàbí ogójì mítà sí mi, kí ojú ẹran máa wo ibẹ̀, kí ọwọ́ mi ráyè mì díẹ̀. Òfin àwọn ibì kan gbà á, ti ibòmíràn kò gbà á, nítorí náà ẹ béèrè kí ẹ tó rà á. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń ri ehoro ayédèrú mọ́: ìrépé awọ onírun tàbí ìyẹ́ ẹyẹ lórí wáyà tín-ínrín, tí ẹ̀rọ kékeré kan tó ń lo bátìrì ń mì. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ àti ìrọ̀lẹ́ ló wúlò jù. Kò ní pe kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wá láti òkèèrè, àmọ́ èyí tó bá ti wá tó sì ń ṣiyèméjì á tẹjú mọ́ ọn. Ìbọ̀wọ́ ni mo fi ń mú un, kí òórùn ọwọ́ mi má bàa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ òtútù kan, akọ ńlá kan ṣe gbogbo ohun tí mo sọ lókè yìí níṣojú mi. Ó yọ lẹ́nu igbó lápá òsì, ó dúró, ó gbé imú sókè, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ sápá ọ̀tún ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Nígbà tó rí irun tó ń mì, ó jókòó. Ó jókòó gan-an, ìrù yí ẹsẹ̀ rẹ̀ po. Kò jìnnà, ọwọ́ mi sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ni ilẹ̀ ti dà sísàlẹ̀, mo sì mọ̀ pé àwọn àgùntàn wà lódìkejì. Mi ò yìnbọn. Ọta tí kò ní ilẹ̀ tó máa gbà á dúró lẹ́yìn ẹran kò yẹ kó jáde lẹ́nu ìbọn, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí èyí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti òru: ojú méjì tó ń dán nínú iná tọ́ọ̀ṣì lè jẹ́ ti àgùntàn, ti ológbò tàbí ti ajá olóko. Ara ni kí ẹ rí, kì í ṣe ojú nìkan.

Ohun tó ń bí mi nínú ni àwọn tó ń lọ sínú oko lọ fọn fèrè ṣeré. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó bá wá tó sì gbọ́ òórùn ènìyàn ti kẹ́kọ̀ọ́, ohùn yẹn kò sì ní tàn án mọ́ bọ̀rọ̀. Olóko tó ń pàdánù ọmọ àgùntàn ló máa jìyà rẹ̀.

Àkókò náà ṣe pàtàkì. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn àwọn ilẹ̀ olótùútù, tí ọmọ ọdún náà bá ti fi òbí sílẹ̀, igbe ehoro ń ṣiṣẹ́ dáadáa, torí wọn ò tíì mọ ayé. Ní àárín òtútù, nígbà tí wọ́n ń gun ara wọn, igbe abo ló ń fa akọ wá. Nǹkan bí ọjọ́ méjìléláàádọ́ta lẹ́yìn náà ni abo ń bímọ, mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ́pọ̀ ìgbà. Ní Jámánì, òfin kà á léèwọ̀ láti pa òbí tí àwọn ọmọ ṣì nílò. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sí oṣù tí òfin sọ pé kí a má pa kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Ti Jámánì ni mo fara mọ́. Mo máa ń gbé fèrè jù sílẹ̀ láwọn oṣù tí wọ́n ń tọ́ ọmọ, àfi tí abo kan bá ń gbé ọmọ àgùntàn lójoojúmọ́ tí olóko sì bẹ̀ mí. Nígbà náà, tí mo bá ti pa á, màá wọ ìbọ̀wọ́, torí kòkòrò inú rẹ̀ lè ran ènìyàn, màá sì yẹ ọmú rẹ̀ wò. Tí wàrà bá wà níbẹ̀, mi ò lè lọ sílé. Mo gbọ́dọ̀ wá ihò náà kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ebi má bàa pa àwọn ọmọ rẹ̀ kú díẹ̀díẹ̀ nínú ilẹ̀.