504 Kò Sọ Pé Owó Ò Tíì Lọ: Ọ̀rọ̀ Ìkìlọ̀ fún Ẹ̀yin Àbúrò Mi Nídìí Kóòdù

Lọ́sẹ̀ yìí ni mo ń yẹ kóòdù àwọn ọmọ tuntun wa wò, ni mo bá tún rí ìlà kan tí mo mọ̀ dáadáa: bí ìdáhùn server kò bá ti jẹ́ 200 (nọ́ńbà tó ń sọ pé ìbéèrè yọrí), tún un rán. Ara mi bù máṣọ. Mo ti rí ohun tí irú ìlà yẹn ṣe fún ọmọlọ́mọ.

N kò ní bẹ̀rẹ̀ láti ABD. Ẹ ti mọ̀ pé nínú nọ́ńbà ìdáhùn HTTP, èdè tí browser àti áàpù fi ń bá server sọ̀rọ̀, 2 ló ṣáájú ìdáhùn ìbéèrè tó yọrí, 3 ní kí ẹ gba ibòmíràn lọ, 4 ní ẹni tó béèrè ló ṣì í, 5 sì ni server fi ń sọ pé ọ̀dọ̀ òun ni wàhálà wà.

Èkínní, ẹ má ṣe fi 401 ṣe 403. 401 ń sọ fún oníbàárà (browser tàbí áàpù tó ń béèrè) pé kò tíì mú ẹ̀rí tó yè kooro wá, ó sì pọn dandan kí server fi àkọlé WWW-Authenticate sí i, kí onítọ̀hún lè mọ irú ẹ̀rí tí wọ́n ń fẹ́. 403 ní tirẹ̀ ń sọ pé ohun tí o ń béèrè yé mi, n ò sì ní ṣe é. Bí ẹ bá fi 401 síbi tó yẹ kí 403 wà, ẹ ó kàn máa mú kí èèyàn tẹ password títí ọwọ́ á fi máa ro ó, lásán.

Èkejì, bí fọ́ọ̀mù bá gba POST (ìbéèrè tó ń gbé ohun tí èèyàn kọ lọ fún server) wá, ẹ má fi 301 tàbí 302 darí rẹ̀ síbòmíràn. Àwọn browser á sọ POST di GET (ìbéèrè tó kàn ń wo ohun tó wà nílẹ̀) lójú ọ̀nà, gbogbo ohun tí èèyàn kọ sínú fọ́ọ̀mù á sì dànù. Torí ẹ̀ la ṣe ní 307 àti 308, tí POST kì í yí padà nínú wọn.

Ẹ̀kẹta ni 504, òun gan-an ló jẹ́ kí n máa kọ̀wé yìí.

Níléeṣẹ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, owó ilé-ẹ̀kọ́ là ń bá àwọn òbí san. nginx ló wà níwájú server wa, òun ni ẹni àárín tó ń gba ìbéèrè lọ́wọ́ áàpù, tó ń gbé e fún server. Bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà, ìṣẹ́jú àáyá 60 ni nginx fi ń dúró de ìdáhùn. Lọ́jọ́ tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọlé, gbogbo òbí ń sanwó lẹ́ẹ̀kan náà, báńkì ń falẹ̀. nginx dúró títí, ó sú u, ó dá 504 padà fún áàpù. Ṣùgbọ́n server tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò dáwọ́ dúró, ó ṣì ń bá báńkì sọ̀rọ̀, báńkì sì yọ owó. Áàpù rí 5, ó gbà pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀, ó tún POST náà rán. Báńkì tún yọ owó. Àwọn òbí jókòó, wọ́n ń wo alert lórí alert. Owó ọjà àwọn kan wà níbẹ̀, owó ilé àwọn mìíràn wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni owó náà kò tètè padà.

Ọ̀gá wa ló pàṣẹ ìlà àtúnrán yẹn. A sọ fún un nínú ìpàdé pé kí ìsanwó kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí server lè dá a mọ̀ bó bá tún padà wá. Ó ní yóò fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Nígbà tó bàjẹ́, àgùnbánirọ̀ tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ lóru ni wọ́n fún ní query, òun náà ni wọ́n lé. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà wa lọ́jọ́ náà o. Inú ṣì ń bí mi títí di òní.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ohun tí 504 sọ kò ju pé ẹni tó wà láàárín kò rí ìdáhùn gbà lásìkò. Kò sọ pé iṣẹ́ kò di ṣíṣe. GET, PUT (tó ń fi ohun kan rọ́pò èyí tó wà) àti DELETE (tó ń pa nǹkan rẹ́), ẹ lè tún wọn rán, torí àtúnrán kò ní fi ohun kan kún ohun tí èkínní ti ṣe. POST kò rí bẹ́ẹ̀. RFC 9110, ìwé ìlànà HTTP tó jáde ní 2022, sọ ọ́ kedere pé kí oníbàárà má ṣe dédé tún irú rẹ̀ rán, àfi bó bá ní ọ̀nà láti mọ̀ pé àtúnrán kò léwu, tàbí pé ti àkọ́kọ́ kò ṣiṣẹ́ rárá.

Nítorí náà, kí áàpù ṣẹ̀dá nọ́ńbà ìsanwó kó tó rán ohunkóhun, kó sì lo nọ́ńbà kan náà bó bá ń tún un rán. Kí server kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀ kó tó kan ìlẹ̀kùn báńkì. Bí báńkì bá máa ń pẹ́, ẹ dá 202 (mo ti gbà á, iṣẹ́ kò tíì parí) padà, kí áàpù máa fi GET béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Bí 503 (server kò ráyè báyìí) bá sì mú Retry-After, ìyẹn àkókò tó yẹ kí ẹ fi dúró, dání, ẹ dúró tó bó ṣe wí. Kóòdù ìsanwó tí kò bá ní nọ́ńbà yìí, ẹni yòówù kó kọ ọ́, ọ̀gá tàbí ọmọ iṣẹ́, n kò ní fọwọ́ sí i.