Wọ́n Ti Tà Á Tán Kí Owó Tó Kọjá

Ìkòròdú, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì.

Kíìtì òǹtẹ̀ tuntun jáde lọ́sàn-án òní ní ṣọ́ọ̀bù orí íntánẹ́ẹ̀tì kan lókè òkun, ó sì ti tán. Pé ó tán kọ́ ló ń bí mi nínú. Ọjà tó dáa a máa tán. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ẹni tó ń gbé Ìkòròdú, tó ti tọ́jú owó rẹ̀, tó ti ń ka ọjọ́, kì í bá ẹni tó wà nítòsí ilé ìkẹ́rù wọn dọ́gba rárá. Aago wa yàtọ̀, káàdì wa ń kọ̀, íntánẹ́ẹ̀tì wa ń fà, àwọn tó ń tà á kì í sì í sọ iye tí wọ́n fẹ́ tà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń rò pé ọwọ́ òun ni kò yá. Kì í ṣe ọwọ́ yín.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, páálí kan ni. Inú rẹ̀ ni òǹtẹ̀ rọ́bà tó mọ́ gaara máa ń wà, pẹ̀lú irin pẹlẹbẹ tí a ń fi gé páálí gẹ́lẹ́ bí àwòrán òǹtẹ̀ náà ṣe rí, ìwé aláràbarà, páálí káàdì funfun, àti nígbà mìíràn páàdì yíǹkì kékeré. Káàdì ìkíni, ìwé ìpè ìgbéyàwó, táàgì tí a ń so mọ́ ẹ̀bùn ìkómọ, ohun tí a ń fi wọ́n ṣe nìyẹn.

Ìdí tó fi ń yára tán kò fara sin. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta kíìtì olóṣooṣù ló ní oníbàárà tó ti forúkọ sílẹ̀, tí wọ́n ń yọ owó wọn lóṣooṣù. Tiwọn ti wà ní ìpamọ́ kí ọjọ́ tó pé. Èyí tó bá ṣẹ́ kù ni wọ́n ń ṣí fún èmi àti ẹ̀yin. Ọ̀rọ̀ ìwé aláràbarà tún wà níbẹ̀: ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n ti sábà máa ń rà á, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sì sábà máa ń tẹ̀ ẹ́. Òǹtẹ̀ ṣeé tún ṣe, irin ṣeé tún gé, ṣùgbọ́n láìsí ìwé yẹn, kíìtì náà kò lè pé mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè padà ta òǹtẹ̀ nìkan lẹ́yìn oṣù díẹ̀, tí odindi páálí kò sì ní padà wá. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní sáré kó ìlọ́po méjì owó fún alátúntà lọ́sẹ̀ kan náà tí ọjà tán.

Èyí tó ń dunni jù ni ti agbọ̀n. Fífi ọjà sínú agbọ̀n kì í ṣe rírà. Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù orí íntánẹ́ẹ̀tì, ìgbà tí ẹ bá ń sanwó gan-an ni wọ́n tó ń yọ ọ́ kúrò nínú iye tó kù. Bí ẹ ti ń wò ó bóyá kí ẹ fi páàdì yíǹkì kan kún un, ẹlòmíràn ti ń tẹ nọ́ńbà káàdì. Ẹ ra kíìtì nìkan, kó wọlé, kí ẹ tó padà lọ wo ìyókù.

Ọ̀rọ̀ aago ni ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù. Tí ṣọ́ọ̀bù Amẹ́ríkà bá kọ aago mẹ́wàá àárọ̀ ti ìlà-oòrùn wọn, aago mẹ́ta ọ̀sán ni lọ́dọ̀ wa láti ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù Máàṣì títí di ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù Nofẹ́ńbà. Lẹ́yìn ìyẹn, aago mẹ́rin ni. Àwọn ló ń yí aago wọn, àwa kì í yí tiwa. Ti Lọ́ńdọ̀nù rọrùn díẹ̀: nígbà ooru wọn, aago wọn àti tiwa bára mu, nígbà òtútù, a fi wákàtí kan ṣáájú wọn. Ẹ ṣọ́ra fún oṣù Máàṣì, nítorí Amẹ́ríkà máa ń yí tirẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú Lọ́ńdọ̀nù. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sì máa ń bá ẹlòmíràn nínú ọkọ̀ láàárín Máìlì 12 àti Ìkòròdú, níbi tí nẹ́tíwọ̀kì ti ń wá tó ń lọ. Bí ẹ bá máa wà lójú ọ̀nà lákòókò yẹn, ẹ fa iṣẹ́ náà lé ẹni tó jókòó sílé lọ́wọ́.

Káàdì náírà lè gbà lónìí kó kọ̀ lọ́la, nítorí òté tí báǹkì fi lé ìnáwó òkè òkun. Ẹ ra nǹkan tó kéré jù lọ ní ṣọ́ọ̀bù náà gan-an ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú, àwòrán òǹtẹ̀ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù bí wọ́n bá ní in, kí ẹ mọ̀ bóyá owó ń kọjá, kí àdírẹ́sì yín sì ti wà lọ́dọ̀ wọn. Àdírẹ́sì yìí máa ń da ọ̀pọ̀ láàmú. A sábà máa ń fi ẹrù ránṣẹ́ sí ilé ìkẹ́rù àwọn aṣojú tó ń bá wa kó o wá láti Amẹ́ríkà. Àpótí kékeré kan wà lójú ìwé ìsanwó tó sọ pé àdírẹ́sì káàdì àti ti ẹrù jẹ́ ọ̀kan náà, wọ́n sì ti máa ń tẹ àmì sí i fún yín. Ẹ yọ àmì náà. Àdírẹ́sì Ìkòròdú tí báǹkì mọ̀ ni kó wà fún káàdì, ti aṣojú ni kó wà fún ẹrù. Bí méjèèjì bá dà pọ̀, ṣọ́ọ̀bù lè rò pé olè ni, kí wọ́n kọ owó náà. Nọ́ńbà ìdánilójú tí báǹkì ń fi ránṣẹ́ sí fóònù pẹ̀lú, ẹ rí i pé ìlà tó máa gbà á wà lórí nẹ́tíwọ̀kì tó lágbára nílé yín.

Ká ní ó bọ́ sí yín lọ́wọ́, ìwúwo ló kàn. Páálí káàdì tí wọ́n ń pè ní 300 gíráàmù (ìwúwo èyí tó jẹ́ mítà kan lóròó, mítà kan níbùú ni wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀), ìwọ̀n A4, ẹyọ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù 19. Àádọ́ta rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pé kílò kan. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ òfurufú kó ẹrù tún máa ń wo bí páálí ṣe tóbi tó: gígùn, ìbú àti gíga ní sẹ̀ǹtímítà, wọ́n á sọ wọ́n di púpọ̀, ọ̀pọ̀ á fi 5,000 pín in. Páálí tó jẹ́ 30 sí 23 sí 10 yóò jẹ́ kílò 1.38 lójú wọn, bí ohun tó wà nínú rẹ̀ kò tilẹ̀ tó kílò kan. Ẹ sọ fún aṣojú kó tú páálí náà, kó fi ike pẹlẹbẹ dì í. Ẹ má sì ra ẹ̀rọ agbóná lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀bù Amẹ́ríkà, èyí tí a ń fi yọ́ páúdà tí a ń dà lé yíǹkì kí àwòrán lè wú kó sì dán: iná fóòltì 120 ni ti Amẹ́ríkà, tiwa jẹ́ 230, lójú ẹsẹ̀ ló máa jó. Ẹ̀rọ ìgépáálí tí a ń fi ọwọ́ yí kò ní wàhálà yìí, kò tilẹ̀ bìkítà bóyá iná wà.

Bí ẹ bá tú kíìtì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, òǹtẹ̀ àti irin tó bá a mu nìkan ni Èkó kò lè fún wa. Páálí káàdì kún Ṣómólú lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé, wọ́n á sì gé e sí ìwọ̀n tí ẹ bá fẹ́ lórí ẹ̀rọ. Ike dídán tí a ń lẹ òǹtẹ̀ mọ́, ẹ bèèrè àjẹkù páspẹ́ẹ̀sì lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe pátákó orúkọ; èyí tó nípọn tó mìlímítà 8 sí 10 ni ọwọ́ ń dì mú dáadáa, ẹ fi ìwé ìfági tó kúnná ha etí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n nìkan ló gba àkíyèsí. Káàdì Amẹ́ríkà tó wọ́pọ̀ jù jẹ́ mìlímítà 108 sí 140. Ìdajì A4 tí a ká sí méjì jẹ́ 105 sí 148. Irin tí wọ́n gé fún odindi ojú káàdì wọn yóò yọ síta lára tiwa ní ẹ̀gbẹ́. Èyí tó jẹ́ íńṣì 4 sí 5¼ ni kí ẹ máa wá, ó wọlé pẹ́kẹ́, àpò ìwé C6 sì gba káàdì náà.

Ẹ tún wo ohun tí òǹtẹ̀ ọ̀hún ń sọ kí ẹ tó bínú. Ọ̀pọ̀ kíìtì ìparí ọdún kún fún yìnyín, elégédé àti ọ̀rọ̀ ìkíni ìgbà òtútù. Ta lẹ fẹ́ fi yìnyín kí ní Ìgbógbó tàbí Ìmọ́ta? Òǹtẹ̀ ewé, òdòdó àti ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ ni owó ń padà wá lórí rẹ̀ níbí, ìwọ̀nyẹn sì wà lórí àtẹ lọ́pọ̀ ìgbà láìsí ìjàkadì.

Èyí tó bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ má gbé e lé yíǹkì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Òǹtẹ̀ tuntun máa ń ní ohun dídán tẹ́ẹ́rẹ́ kan lójú láti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Bí ẹ bá fi páàdì kàn án, yíǹkì á sá jọ ní ẹ̀kán-ẹ̀kán bí omi lórí ewé kókò, àwòrán á sì jáde pẹ̀lú ojú funfun wínníwínní. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní wọ́n ta ayédèrú fún òun. Ẹ fi írésà pẹ́ńsù ra á lójú jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ títí dídán náà á fi kú, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé àlòkù bíi ìgbà mẹ́rin márùn-ún, ẹ fi ọṣẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti omi fọ̀ ọ́. Fífi páàdì lu òǹtẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ló dára, ẹ má fà á. Ẹ fi ìwé ìròyìn bíi mẹ́ta sábẹ́ páálí kó lè rọ̀ díẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tààrà láìmi ọwọ́. Bí kò bá lẹ̀ mọ́ ike mọ́, eruku ló bá a. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, yóò tún lẹ̀. Oòrùn ojú fèrèsé ló ń sọ ọ́ di pupa rẹ́súrẹ́sú, ìyẹn kò ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Fún páúdà tí iná ń yọ́, ẹ̀rọ ìgbẹrun kò wúlò: atẹ́gùn rẹ̀ ń gbá páúdà dànù kó tó yọ́, kò sì gbóná tó. Ẹ fi yíǹkì tí kì í tètè gbẹ tẹ àwòrán, ẹ da páúdà lé e, ẹ gbọn ìyókù padà sínú ìgò. Kí ẹnì kan di áyọ́ọ̀nù tó gbóná dáadáa mú kí ojú rẹ̀ kọjú sókè, kí ẹ̀yin fi ẹ̀mú di páálí mú lókè rẹ̀, láìjẹ́ kó kan irin. Ìsàlẹ̀ ni ooru á ti máa wá. Lójijì ni páúdà á dán. Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ páálí á pọ́n.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á: kí wọ́n kọ iye tó wà nílẹ̀ síta, kí wọ́n sì sọ ní gbangba bóyá òǹtẹ̀ inú rẹ̀ máa padà wá. Ìyẹn kò ní ná wọn ní kọ́bọ̀, yóò sì gba èèyàn lọ́wọ́ alátúntà.

Láìdúró dè wọ́n, a lè ṣe tiwa. Ó ti pẹ́ tí àwọn aláàdìrẹ tó ń fi àbẹ́là ṣiṣẹ́ ti ń gé fọ́ọ̀mù ṣe òǹtẹ̀ tí wọ́n ń rì bọ àbẹ́là gbígbóná. Fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀dì ni tiwọn, ihò rẹ̀ tóbi jù fún ìwé. Èyí tí àwọn oníbàtà ń gé sí ìsàlẹ̀ sálúbàtà ló dára fún páálí, ìnípọn mìlímítà 5. Ẹ ya àwòrán sórí ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pẹ̀lú pẹ́ńsù 2B, ẹ da ojú rẹ̀ dé fọ́ọ̀mù, ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí ra á. Àwòrán á ti yí padà fúnra rẹ̀, nítorí náà lẹ́tà á jáde bó ṣe yẹ nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Abẹ tó mú ni kí ẹ fi gé e, kó sì dagun síta láti ara ìlà. Bí abẹ bá wọ abẹ́ ìlà, ìlà náà á tẹ̀ bí ẹ bá fún un lágbára. Ìlà tó bá kéré ju mìlímítà 2 lọ, fọ́ọ̀mù kò lè gbé e.

Fún ìlà wínníwínní, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe òǹtẹ̀ ọ́fíìsì ni kí ẹ lọ, wọ́n sábà máa ń wà nítòsí sẹ́kìtéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ tàbí kóòtù. Àwòrán tí ẹ fọwọ́ ara yín yà ni kí ẹ gbé lọ, kì í ṣe èyí tí ẹ yọ láti inú kíìtì ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ gbà kí ẹ ta káàdì tí ẹ fi ọwọ́ tẹ̀, wọn ò gbà kí ẹ ṣe àdàkọ òǹtẹ̀ wọn. Dúdú lórí funfun, láìsí àwọ̀ eérú kankan, kí ìlà nípọn tó ìdajì mìlímítà, kí àlàfo àárín ìlà méjì má kéré sí ìyẹn. Ẹ sọ fún wọn pé rọ́bà nìkan lẹ fẹ́, láìsí ọwọ́ onígi, ẹ ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ páspẹ́ẹ̀sì yín. Ẹ wo ìtẹ̀ àkọ́kọ́ lórí ìwé kí ẹ tó san owó tó kù: bí ìlà bá ti so pọ̀ níbẹ̀, kò sí yíǹkì tó máa yà á.