Àwòṣe ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ, kóòdù á tẹ̀lé e

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ áàpù tí oníṣòwò yóò fi ya bí òwò rẹ̀ ṣe ń mówó wọlé, ẹ gbọ́ tèmi. Kí ẹ tó kọ fọ́ọ̀mù kankan, ẹ kọ fáìlì kékeré kan tó sọ ohun tó máa ń wà nínú òwò àti bí wọ́n ṣe so mọ́ra. Àwòṣe nìyẹn. Ètò kọ̀ǹpútà kan yóò kà á, yóò sì fi kọ kóòdù fọ́ọ̀mù, tábìlì database (ibi tí áàpù ń kó ìsọfúnni pamọ́ sí) àti àyẹ̀wò fún yín.

Business Model Canvas, àwòrán ojú ewé kan tó pín òwò sí àpótí mẹ́sàn-án, ni mo fi bẹ̀rẹ̀, torí Alexander Osterwalder ti to ohun mẹ́sàn-án tó gbé òwò ró sílẹ̀ nínú iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé tó ṣe ní Yunifásítì Lausanne lọ́dún 2004, lábẹ́ Yves Pigneur. Àpótí mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ni ọ̀pọ̀ wa máa ń tẹjú mọ́, bẹ́ẹ̀ okùn tó so wọ́n pọ̀ niṣẹ́ wà. Mo kọ òfin kan sínú àwòṣe tèmi: gbogbo ohun tí òwò bá ń ṣe fún oníbàárà gbọ́dọ̀ tọ́ka sí owó tó ń ti ibẹ̀ wọlé, tàbí kí a kọ ọ́ pé ọ̀fẹ́ ni. Ìyá oníbúrẹ́dì kan ń kọ ti òwò rẹ̀ sínú áàpù mi, áàpù bi í pé ta ló ń sanwó gbígbé búrẹ́dì dé ṣọ́ọ̀bù. Ó dákẹ́, ó ní, "Èmi náà ni o." Àpótí lásán kò lè bi í bẹ́ẹ̀.

Ní ti irinṣẹ́, Eclipse Modeling Framework, irinṣẹ́ tó ń fi àwòṣe kọ kóòdù Java, lágbára, ṣùgbọ́n ó wúwo fún ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́. JSON Schema (ọ̀nà láti kọ ohun tí fáìlì JSON gbọ́dọ̀ ní sílẹ̀) àti kóòdù díẹ̀ ní èdè kọ̀ǹpútà Python tó mi. Kóòdù tí ẹ̀rọ bá kọ, ẹ má fọwọ́ kàn án. Fáìlì ọ̀tọ̀ ni kí tiyín wà, torí bí ètò bá tún kóòdù tirẹ̀ kọ, gbogbo àtúnṣe yín ló máa pa rẹ́.

Ibi tó máa ń dun èèyàn jù ni ìgbà tí àwòṣe bá yí padà. Ẹ yí orúkọ ohun kan péré, iṣẹ́ tí àwọn èèyàn ti fi pamọ́ kò ní ṣí mọ́. Ẹ fi nọ́ńbà ẹ̀dà àwòṣe sínú fáìlì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ kóòdù tí yóò sọ ti àtijọ́ di tuntun lọ́jọ́ tí ẹ yí i gan-an, nígbà tí ẹ ṣì rántí ìdí tí ẹ fi yí i.