Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun yín wò kí ẹ tó gba oògùn ìtọ̀

Ẹ̀yin tí wọ́n ti yọ gẹ̀gẹ̀ lọ́rùn yín, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Bí ẹsẹ̀ yín bá bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun dáadáa, kí ẹ dì í mú díẹ̀, kí ẹ wá gbé ọwọ́ kúrò. Bí ojú ibẹ̀ kò bá jìn, ẹ ní kí wọ́n yẹ TSH inú ẹ̀jẹ̀ yín wò (òun ló máa ń lọ sókè bí ohun tí táírọ́ìdì, ẹ̀yà ara inú ọrùn tí gẹ̀gẹ̀ ti ń wú, ń pèsè bá kéré) kí ẹ tó gba oògùn ìtọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Inú ṣì ń bí mi, ẹ fara dà á. Orí àga ni dọ́kítà tí mo kọ́kọ́ lọ bá jókòó sí tí wọ́n ti wo ẹsẹ̀ mi, wọn ò fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní kí n dín iyọ̀ kù, wọ́n kọ furosemide, oògùn ìtọ̀ tó ń mú kí omi ara jáde. Mò ń tọ̀ tọ̀sán tòru, ètè mi gbẹ, òòyì ń kọ́ mi, ìwú ẹsẹ̀ ò dín rárá. Dọ́kítà mìíràn ló wá là mí lóye. Bí ohun tí táírọ́ìdì ń pèsè bá kéré lára, àwọn èròjà kan tó ń fa omi mọ́ra á kóra jọ sábẹ́ awọ. Omi inú wọn dà bí omi inú ẹ̀kọ tó ti dì: ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣeé fún jáde. Oògùn ìtọ̀ fẹ́ fa kí ni?

Ìsìnkú bàbá ọkọ mi bọ́ sí àsìkò yẹn, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ohùn mi ti ha, ojú mi wú, mo wọ súwẹ́tà lé aṣọ ẹbí nínú oòrùn ọ̀sán torí òtútù ń mú mi. Bàtà kankan ò gba ẹsẹ̀ mi, sílípáàsì ọkọ mi ni mo wọ̀. Àwọn kan ní ìgbéraga ni ò jẹ́ kí n dìde kí ènìyàn, wọn ò mọ̀ pé ìdìde gan-an niṣẹ́. Nírọ̀lẹ́ mo bu omi sẹ́sẹ̀ lẹ́yìn ilé. Mo gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi ń bá ọmọbìnrin mi sọ̀rọ̀: “Má gba ojú omi yẹn kọjá o. Ìyá ẹ tẹ nǹkan ni.” Ọmọ náà wo ilẹ̀ tó tutù, ó wo ojú mi, ó wá fara mọ́ ògiri, ó rọra yí ibẹ̀ po. Ọmọ tí mo bí. Ìyàwó ilé ni mí, kí ni n óò sọ? Mo ní, “Ẹ ṣeun, mà.” Mo gbé bókẹ́ẹ̀tì, mo wọlé lọ sunkún.

Mi ò sọ pé ayé ò níkà o. Mo ń sọ pé kò sẹ́ni tó tẹ ojúgun mi wò, títí kan àwọn tó kàwé.

Ohun tó fà á gan-an nìyí. Mi ò pa levothyroxine mi, oògùn tó ń dípò ohun tí táírọ́ìdì ń pèsè, jẹ rí. Ilé ìwòsàn tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà ló fún mi ní kálísíọ́ọ̀mù, wọ́n sì kọ ọ́ sára páálí pé kí n jọ lò wọ́n láàárọ̀. Kálísíọ́ọ̀mù a máa de levothyroxine mọ́ inú ikùn, kò ní jẹ́ kó wọnú ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí oògùn ò wọlé, nǹkan oṣù mi ń ya, ẹ̀jẹ̀ mi lọ sílẹ̀, wọ́n tún fi oògùn ẹ̀jẹ̀ kún un. Irin inú oògùn ẹ̀jẹ̀ náà ń dè é. Àárọ̀ náà ni wọ́n ní kí n máa lò ó.

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, TSH ti lọ sókè réré. Omi lásán ni mo fi ń lo levothyroxine báyìí, mo máa ń dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan kí n tó jẹun. Kálísíọ́ọ̀mù àti oògùn ẹ̀jẹ̀ di wákàtí 4 lẹ́yìn rẹ̀. Wàrà sóyà náà, ẹ jẹ́ kó jìnnà sí i. Ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni wọ́n ń dúró kí wọ́n tó tún un yẹ̀ wò. Ẹsẹ̀ mi ti gba bàtà.

Ẹnìkan á ní ìka kì í ṣe dọ́kítà. Mo gbà. Ọkàn, kíndìnrín, ẹ̀dọ̀, amlodipine tí wọ́n ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru, gbogbo wọn ló lè wú ẹsẹ̀. Ti táírọ́ìdì náà lè jìn nígbà mìíràn, torí náà bó tilẹ̀ jìn, ẹ sọ fún wọn pé wọ́n ti yọ gẹ̀gẹ̀ yín. Ẹ sáà tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin tí táírọ́ìdì yín ń ṣiṣẹ́ jù, tí awọ ojúgun yín nípọn tó sì le, ọ̀tọ̀ ni tiyín, ìpara ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ fún un. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ṣàdédé wú, tó gbóná, tó ń dunni, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má wọ́ ọ, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an, torí ẹ̀jẹ̀ lè ti dì níbẹ̀.