Réètì tí mo kọ sínú fọ́ọ̀mù lọ́jọ́ Àlàrùba

Ẹni tó bá wọ ọ́fíìsì wa ní GRA Ìlọrin láàárọ̀ Àtìní, tó sì yọjú wo kọ̀ǹpútà mi, á rò pé kàlẹ́ńdà ni mò ń ṣe tà. Déètì lọ́tùn-ún, déètì lósì. Owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì máa pé ọjọ́ ní Àlàmísì, ti Alhaja tó ń ta òfì á pé lóṣù tó ń bọ̀, ti bàbá kan l'Ọ́ffà ṣì ku ọdún mẹ́rin gbáko. Mo fi yẹ́lò kun èyí tó ku ọ̀sẹ̀ kan, èyí tó ku ọjọ́ méjì ni mo kùn ní pupa, torí owó tó bá pé ọjọ́ tẹ́ ò bá tètè wá ibòmíì fún un, ó kàn máa lọ jókòó sínú àkáǹtì ni, á máa sùn, ọjà á sì máa wọ́n sí i. Iṣẹ́ mi nìyẹn o. Orúkọ ẹ̀ gùn lórí káàdì mi, junior portfolio manager, ìyẹn ọmọ iṣẹ́ tó ń bá àwọn èèyàn bójú tó owó tí wọ́n fi dókòwò, màmá mi ti sọ ọ́ di "ọmọ mi wà ní bánkì", mi ò bá wọn jiyàn mọ́.

Ìyọnu tó wà nínú "ọmọ mi wà ní bánkì" yẹn ni pé kò sí ìkómọ tí mo lọ tẹ́nì kan ò ní fà mí lọ sẹ́yìn kánópì. "Àǹtí, mo ní mílíọ̀nù kan, ẹ bá mi sọ ọ́ di méjì kó tó di Iléyá." Ẹnì kan tiẹ̀ bínú sí mi nígbà tí mo ní bí ogún náírà lórí ọgọ́rùn-ún lọ́dún lèmi mọ̀, ó ní ẹnì kan wà lórí WhatsApp tó ń fún òun ní ọgbọ̀n lóṣù. Lóṣù o! Mo ní ṣé SEC, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ ọjà ìdókòwò, mọ̀ wọ́n, ó ní kí ló ń jẹ́ SEC. Òfin tuntun tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní Máàṣì 2025 ti la ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá àti ìtanràn tí ò gbọdọ̀ dín ní N20 mílíọ̀nù sílẹ̀ fún ẹni tó bá ń ṣe gbájú-ẹ̀ báyẹn, àmọ́ ẹni tó bá ti fẹnu kan èrè oṣù àkọ́kọ́, òfin wo ló fẹ́ gbọ́?

Èmi tí mò ń wo owó ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù yìí náà, kẹ̀kẹ́ ni mò ń wọ̀ láti Tanke, ẹ máa fojú inú wò ó.

Ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ọ̀gá mi gbé ìwé kan síwájú mi, wọ́n ní tíbíìlì (ìwé tí ìjọba fi ń yá owó fúngbà díẹ̀) ọjọ́ 364 ní 18%, mílíọ̀nù kan, èló ni kọ́sítọ́mà máa san, kí sì ni èrè ẹ̀ gan-an. Mo yára ní mílíọ̀nù kan ló máa san, a ó fún un ní N180,000 tọ́dún bá yí po. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Tíbíìlì ò rí bẹ́ẹ̀, ó dà bí ìgbà téèyàn ra àgbò sílẹ̀ nígbà tí Iléyá ṣì jìnnà, owó pọ́ọ́kú lẹ máa san nísinsìnyí, tọ́jọ́ bá pé ẹ gba odindi. N820,493 ni kọ́sítọ́mà máa san, mílíọ̀nù kan gééré ló máa gbà, tẹ́ ẹ bá wá fi N179,507 tó jẹ lé orí N820,493 tó jáde lápò ẹ̀, ó ti fẹ́ẹ̀ tó 22%. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé 18 tí wọ́n ń pariwo kì í ṣe 18.

Ọdún 2024 ló kọ́ mi béèyàn ṣe ń gbé fóònù. CBN, bánkì àpapọ̀ Nàìjíríà, gbé réètì tiwọn, ìyẹn iye èlé, láti 18.75% lọ sí 27.50% láàárín Fẹ́búárì sí Nòfẹ́ńbà, gbogbo ẹni tó ti ra bọ́ǹdì (ìwé tí ìjọba fi ń yá owó fún ọ̀pọ̀ ọdún) tẹ́lẹ̀ sì rí i pé iye tí wọ́n kọ síwájú orúkọ òun ti wálẹ̀. Bàbá tó wà l'Ọ́ffà pè mí láago méje àárọ̀, wọn ò tiẹ̀ kí mi. "Ìwọ ọmọ yìí, ẹ ti ta owó mi jẹ." Ẹ mọ̀ pé ìjàkadì lorò Ọ̀ffà, ọmọ ibẹ̀ lèmi náà, mo kàn rọra jókòó. Mo ní Bàbá, ká ní ẹ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Táíwò tẹ́ ẹ ti fi háyà fẹ́nì kan fún ọdún mẹ́wàá ní N140,000 lọ́dún, ṣọ́ọ̀bù tó lẹ̀ mọ́ ọn wá ń gba N190,000 báyìí, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ta tiyín lónìí ńkọ́? Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní "Ẹni tó fẹ́ rà á á yọ ọ́ lára owó." Mo ní òun ló ṣẹlẹ̀ yẹn. Tẹ́ ò bá tà á, háyà yín ń wọlé, lọ́jọ́ tó bá pé ojú owó yín á pé. Wọ́n ní àwọn gbọ́, wọ́n tún pè mí lọ́sẹ̀ kejì, ìbéèrè kan náà. Bá a ṣe jọ ń ṣe é nìyẹn títí di òní.

Ti Alhaja olófì yàtọ̀. Àwọn ò fẹ́ gbọ́ èlé sétí rárá, ríbà ni, ó parí. Ní Ìlọrin, tẹ́ ò bá mọ bẹ́ ẹ ṣe máa dá èèyàn báyẹn lóhùn, ẹ kúkú máa lọ sílé. Sukuk, ìwé ìdókòwò tó bá òfin Ìsìláàmù mu, ni mo gbé síwájú wọn. Àkọ́kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe, ní Sẹ̀tẹ́ńbà 2017 ni, N100 bílíọ̀nù, ọdún méje, títì ni wọ́n fi ṣe, 16.47% lọ́dún ni wọ́n sì ń san nígbà náà, wọn ò sì pè é ní èlé, háyà ni. Alhaja ní kí n dúró ná. "Ta ló ń san háyà títì?" Mo ní ẹ̀yin tẹ́ ẹ dáwó lẹ ni ín, ìjọba wá ń háyà ẹ̀ lọ́wọ́ yín. Wọ́n ní "Ọmọ mi, nígbà wo wá ni mo máa lọ wo títì mi?" Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ nínú gbogbo ìbéèrè tí wọ́n ti bi mí látìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, mi ò tíì gbọ́ èyí tó já geere tó o. Kí lẹ ni gan-an, ta ló ń san owó fún yín, ṣé ẹ lè rí i? Wọ́n ní káwọn bi álúfà àwọn ná. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi bi í. Wọ́n rà nínú èyí tó jáde lẹ́yìn náà, àmọ́ wọn ò kó gbogbo owó síbẹ̀, ìdajì ṣì wà nínú òfì, wọ́n ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Èmi tí mo ra ìwé olówó iyebíye kí n tó mọ ìyẹn.

Ẹ jẹ́ n wá sọ tèmi, torí ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Ìbẹ̀rẹ̀ Fẹ́búárì 2025 ni, owó àwọn tíṣà ti pé ọjọ́, a fẹ́ fi ra tíbíìlì tí iye ẹ̀ jẹ́ N40 mílíọ̀nù. Ọ̀gá mi ti lọ sí mítìn l'Ékòó, wọ́n ní kí n kọ 20%, kí n fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí bánkì tó ń bá wa rà á kílẹ̀ Àlàrùba tó mọ́ dáadáa. Ọjà tíbíìlì, bíi gbàǹjo ló rí àmọ́ òdìkejì ni: ẹni tó béèrè èlé tó kéré jù ni wọ́n kọ́kọ́ ń dá lóhùn, wọ́n á máa gùn ún lọ sókè títí owó tí ìjọba fẹ́ yá á fi pé, ibi tó bá dúró sí ni réètì ọjọ́ yẹn, ẹni tó bá béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ kó máa gbówó ẹ̀ lọlé. Mo mọ̀ ọ́n o. Àmọ́ mo jókòó, NEPA ti mú iná lọ, mo rántí pé ní Jánúárì ó lé ní 22%, mo ní kí ló dé tí màá fi béèrè 20 fáwọn bàbá àti ìyá tó fi ṣọ́ọ̀kì lo ayé wọn. Mo kọ 22.

Ó dúró sí 20.32%. A ò rí kọ́bọ̀ rà.

Ìròyìn wọlé sí íméèlì mi nírọ̀lẹ́, àyà mi já, mo sì pa á dé. Ọ̀gá mi bi mí lórí WhatsApp ní Àlàmísì pé ṣé a ti ṣe é, mo dá wọn lóhùn pé "a ti fi ránṣẹ́ sà". Irọ́ kọ́, ẹ wò ó dáadáa, àmọ́ ẹ̀yin náà mọ ohun tó jẹ́. Ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun ni wọ́n dé tí wọ́n ṣí fáìlì. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní, "Ká ní o sọ fún mi lálẹ́ Àlàrùba, láàárọ̀ Àlàmísì à bá ti rà á lọ́wọ́ ẹni tó rí i gbà." Nígbà tó fi máa di ọjà tó tẹ̀ lé e, lọ́sẹ̀ méjì, réètì ti já wá sí 18.43%. Tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀ lórí N40 mílíọ̀nù, ó lé ní N700,000 tó ti sọnù.

Wọ́n ní èmi ni kí n lọ sọ ọ́ fún wọn. Kíláàsì kan ni wọ́n ti ń ṣe mítìn, èèyàn bí ọgbọ̀n jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ kékeré, mo ka gbogbo ẹ̀, déètì, réètì, iye. Ìyá kan lẹ́yìn nawọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé.

"Kí ló fà á tó o fi kọ 22?"

"Mo fẹ́ kó pọ̀ sí i ni mà."

"Fún ara ẹ ni àbí fún wa?"

"Fún yín ni mà."

"Tó bá jẹ́ fún wa, kí ni ò jẹ́ kó o bi wá?"

Mi ò ní èsì kankan. Alága ní kí akọ̀wé kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n sì kọjá sórí ọ̀rọ̀ ìsìnkú ọmọ ẹgbẹ́ kan.

Wọn ò kó owó wọn lọ, mi ò mọ ìdí, mi ò sì bi wọ́n. Oṣù bíi mélòó kan lẹ́yìn náà ni ọ̀gá mi tún gbé fọ́ọ̀mù fún mi. Mo kọ́kọ́ pe alága, mo kọ réètì tá a jọ fẹnu kò lé, mo gbé e lọ sórí tábìlì ọ̀gá mi kí n tó fi ránṣẹ́. Wọ́n wò ó lókè, wọ́n wò ó nísàlẹ̀, wọ́n fà á padà sí mi, wọ́n ní kí n lọ pe oníwàrà tó ń kọjá lọ yẹn.