Ọmọ mi fẹ́ lọ gbé họ́stẹ́ẹ̀lì, a ti ń múra

Ọmọbìnrin mi ti pé ọdún 16, ó sì ti ń sọ fún gbogbo ayé pé Great Ifẹ̀, ìyẹn yunifásítì OAU, lòun ń lọ, inú họ́stẹ́ẹ̀lì lòun sì máa gbé, òun ò ní máa ti ilé wa ní Pàràkìn wá lójoojúmọ́. Cerebral palsy, ìyẹn ìṣòro ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí ara gbọ́ràn dáadáa, ló ní látìgbà tí mo ti bí i, ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì le, ọwọ́ òsì náà ò fi bẹ́ẹ̀ lágbára, ó lè dìde dúró díẹ̀ tó bá rí nǹkan dì mú, àmọ́ wheelchair ló fi ń rìn. Àwọn èèyàn wá ń bi mí pé ta ló máa máa wẹ̀ fún un níbẹ̀. Òun náà ni o.

Àga oníke tí ìdí ẹ̀ dúró dáadáa ló ń jókòó lé wẹ̀, kànìnkànìn ẹ̀ sì gùn dé ẹ̀yìn. Tó bá fẹ́ wọ aṣọ, ọwọ́ tí ò lágbára yẹn ló máa kọ́kọ́ kì bọ̀ ọ́, tó bá wá fẹ́ bọ́ ọ, ọwọ́ tó dáa ló máa kọ́kọ́ yọ. Àwọn occupational therapist ló ń kọ́ni nírú ẹ̀, wọ́n yàtọ̀ sí físíò (physiotherapist), OAU sì wà lára ibi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ méjèèjì, ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ wà nítòsí, ẹ béèrè wọn. Ó máa ń pẹ́ gan-an. Màá jókòó sí pálọ̀, ọwọ́ á máa yún mi kí n lọ bá a de bọ́tìnì, mi ò ní lọ.

Ó ń din ẹyin, ó ń se ìrẹsì lórí gáàsì kékeré tó wà lórí tábìlì tí ò ga, aṣọ tútù ló máa ń tẹ́ sábẹ́ pákó tó fi ń gé àlùbọ́sà kó má baà yọ̀. Ẹni tó bá ń rokà, ọwọ́ méjì ló fi ń rò ó, ìyẹn ò tíì ṣeé ṣe, á máa ra àmàlà jẹ. Kí ló burú ńbẹ̀?

Èyí tó jẹ mí lógún jù ni ẹnu ẹ̀. Tá a bá wọ kẹ̀kẹ́ Maruwa lọ sí Lágeré, èmi ni dírẹ́bà máa ń bi pé "Mọ́mì, ibo ló ti máa sọ̀?" Mi ò kì í dáhùn. Òun ló máa sọ pé "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ tẹ bíréèkì wheelchair yẹn ná, ẹ má fà mí lápá òsì, ìbàdí ni kẹ́ ẹ ti dì mí mú, màá ka ení, èjì, ẹ̀ta." Torí pé rúùmétì á máa yí padà lọ́dọọdún, ẹni tó bá ti lè sọ bí wọ́n ṣe máa ran òun lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni ló lè ràn án lọ́wọ́. Ní ọjà Odò-Ògbè wọ́n máa ń fi owó lé e lẹ́sẹ̀ pẹ̀lú àánú, á ní "Ẹ ṣé mà, ẹja ni mo wá rà, èló ni?" Inú mi máa ń dùn débi pé mi ò ní lè sọ̀rọ̀.

Ó mọ òfin náà. Oṣù kìíní 2019 ni Buhari buwọ́ lu òfin àwọn aláàbọ̀ ara, ọdún 5 ni wọ́n fún àwọn ilé ìjọba àti ilé tí gbogbo èèyàn ń wọ̀ kí wọ́n fi tún ọ̀nà ṣe, 2024 ló sì pé. Òfin yẹn náà ló ní kí wọ́n máa kọ́kọ́ dá wọn lóhùn lórí ìlà. Àmọ́ àtẹ̀gùn ṣì pọ̀ n'Ífẹ̀ yìí, èyí tí wọ́n tiẹ̀ ṣe ramp sí, ìyẹn ọ̀nà onígẹ̀ẹ́rẹ́ tí wheelchair ń gbà, máa ń ga gàgàrà! Ínǹṣì 1 tí ẹnu ọ̀nà bá fi ga, ramp gbọ́dọ̀ fi ínǹṣì 12 gùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún bíríkìlà yín.

Tí wọ́n bá gba họ́lídè, ó máa lọ lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ àbúrò mi ní Iléṣà, mi ò ní tẹ̀ lé e. Òun fúnra ẹ̀ ló pe àǹtí ẹ̀ pé kí wọ́n bá òun wọn ẹnu ọ̀nà bálùwẹ̀. Ínǹṣì 24 ni, wheelchair ò lè gbà á kọjá, ló bá ní kí wọ́n bá òun wá àga méjì tó lágbára, ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀kan nínú.